Àwọn Sikh Lẹ́yìn Odi, àti Ìjà fún Òmìnira Ilẹ̀ Wọn

Ọ̀rọ̀ tí a bá Ẹgbẹ́ sọ ní Ìpàdé Àpapọ̀ Ọdọọdún

 

Ní ìpàdé ọdún tí ó kọjá, nígbà tí Akápò ń ka orúkọ àwọn ẹ̀ka tí wọ́n ti san owó wọn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tí ó ti òkè òkun wá dìde, ó sì béèrè ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Ó ní, ṣé owó nìkan ni ìlú ń fẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n wà lẹ́yìn odi ni? Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan fajú ro, ìpàdé sì tẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn wa. Nígbà tí a sì pè wá láti bá Ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́dún yìí, a rò ó síwá, a rò ó sẹ́yìn, a rí i pé bí a bá fi ọ̀rọ̀ ara wa bẹ̀rẹ̀, ó lè di ìbínú. Nítorí náà ni a ṣe yàn láti sọ ìtàn àwọn ẹlòmíràn, àwọn ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tí à ń pè ní Sikh, tí wọ́n lọ wá owó ní ilẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n sì padà di ẹni tí ń fi ẹ̀mí wọn wá òmìnira ilẹ̀ baba wọn. Bí a bá gbọ́ tiwọn tán, bóyá a ó lè dáhùn tiwa.

Ní àríwá ilẹ̀ Íńdíà ni ilẹ̀ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Punjab. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni Ilẹ̀ Odò Márùn-ún. Àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn ibẹ̀. Àlìkámà ni wọ́n ń gbìn, wọ́n sì ń sin màlúù. Ibẹ̀ ni Guru Nanak, tí a bí ní ọdún 1469, ti dá ìsìn Sikh sílẹ̀. Ó kọ́ àwọn ènìyàn pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ni ó wà, pé kí olúkúlùkù máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, kí ó sì máa pín nínú ohun tí ó bá rí fún ẹni tí kò ní. Ní ọdún 1699 ni Guru Gobind Singh, ẹni kẹwàá nínú àwọn olùkọ́ ìsìn náà, sọ wọ́n di ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ tí ó lè di ihámọ́ra. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkùnrin wọn ti ń jẹ́ Singh, èyí tí ó túmọ̀ sí kìnnìún, tí wọn kì í gé irun wọn, tí wọ́n sì ń wé láwàní.

Àwọn Sikh ní ọba tiwọn rí. Ranjit Singh ni ó lókìkí jù nínú wọn, ó sì wàjà ní ọdún 1839. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjà oyè bẹ́ sílẹ̀ láàfin. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí àyè, wọ́n bá wọn jagun lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí ó sì di ọdún 1849 wọ́n gba gbogbo ilẹ̀ náà. Irú èyí kò ṣe àjèjì sí wa. Ibi tí àwọn ọmọ ilé bá ti ń jà ni àlejò ti ń di onílé.

Ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó yẹ kí a fiyè sí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ṣẹ́gun àwọn Sikh ni wọ́n tún gbà wọ́n sí iṣẹ́ ogun. Ní ọdún 1857, nígbà tí ọ̀pọ̀ sójà ilẹ̀ Íńdíà dìtẹ̀ mọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, púpọ̀ nínú àwọn Sikh dúró ti ìjọba. Láti ìgbà náà lọ ni a ti ń ka wọ́n sí akọni tí ọba lè fọkàn tán. A rán wọn lọ sí Hong Kong, Shanghai, Singapore àti Malaya, àwọn kan bí sójà, àwọn kan bí ọlọ́pàá. Wọ́n ń gba àmì ẹ̀yẹ sí àyà, inú wọn sì ń dùn. Wọ́n gbà pé níbikíbi tí àsíá ọba Gẹ̀ẹ́sì bá ti ń fẹ́, ilé àwọn náà ni.

Ṣùgbọ́n ní ilé, nǹkan kò rọgbọ. Ilẹ̀ tí bàbá kan ń ro, ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni yóò pín in. Owó ilẹ̀ tí ìjọba ń gbà kò dín, gbèsè olówó èlé sì ń ga sí i. Àwọn sójà tí wọ́n ti rí òkèèrè ni wọ́n mú ìròyìn wá pé iṣẹ́ wà ní Kánádà àti ní etí òkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ìdílé a fi oko dógò, a fi owó rẹ̀ san owó ọkọ̀ fún ọmọ kan, ìrètí a sì máa jẹ́ pé ọmọ náà yóò fi owó ránṣẹ́ tí a ó fi gba oko padà. Láàárín ọdún 1904 sí 1908, nǹkan bí 5,000 ọmọ ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n wọ Kánádà, Sikh ni wọ́n sì pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n ṣiṣẹ́ ní ilé ìlagi, wọ́n la ọ̀nà rélùwéè, wọ́n ro oko ní California. Ọ̀pọ̀ wọn a máa gbé inú ilé kan, wọn a jọ dáná, wọn a sì fi èyí tí ó bá ṣẹ́kù ránṣẹ́ sílé. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà lẹ́yìn odi, ẹ mọ irú ayé bẹ́ẹ̀ ju bí a ti lè ròyìn rẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni ojú wọn ti là. Àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ funfun ń kùn pé àwọn àlejò wọ̀nyí ń gba owó tí ó kéré, wọ́n sì ń ba ọjà iṣẹ́ jẹ́. Ní ọdún 1907 ni àwọn aṣòfin British Columbia ní Kánádà gba ẹ̀tọ́ ìdìbò lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ Íńdíà. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ní ìlú Bellingham ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ya lu ilé tí wọ́n ń sùn, wọ́n lù wọ́n, wọ́n kó ẹrù wọn dà síta, wọ́n sì lé wọn kúrò ní ìlú. Ní ọdún 1908 Kánádà ṣe òfin pé ẹni tí yóò wọ ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀ rẹ̀ wá tààrà, láìdúró lọ́nà. Kò sí ọkọ̀ tí ó ń ṣe irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ láti Íńdíà. Òfin náà kò dárúkọ ọmọ Íńdíà rárá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tí a ń bá wí. A tún fi lé e pé kí olúkúlùkù wọn mú 200 dọ́là lọ́wọ́ kí ó tó lè wọlé. Ẹni tí ó sì ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó tó lè mú aya rẹ̀ wá, ogun ni.

Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní, ṣé kì í ṣe abẹ́ ọba kan náà ni gbogbo wa wà? Ní ọdún 1913 wọ́n rán aṣojú lọ sí London, àwọn aṣojú náà sì dé Íńdíà. Ọwọ́ òfo ni wọ́n bọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ń wo àwọn ará Japan tí wọ́n jọ ń gbé Vancouver. Nígbà tí àwọn ènìyàn fọ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Japan nínú ìrúkèrúdò ọdún 1907, ìjọba Kánádà san owó ìtanràn fún wọn, nítorí ìjọba Japan wà lẹ́yìn wọn tí ń bi í léèrè. Ta ni ó wà lẹ́yìn ọmọ Íńdíà? Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni, ìjọba yìí kan náà ni kò sì fẹ́ mú Kánádà bínú.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ nìyẹn, ibẹ̀ sì ni gbogbo ìtàn yìí rọ̀ mọ́: ẹni tí ilé rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní olùgbèjà lóde. Wọ́n ti rò pé ọ̀rọ̀ owó ni ó gbé àwọn dé Kánádà, pé ọ̀rọ̀ ìjọba ilé kò kan àwọn. Wọ́n wá rí i pé ìtìjú tí ń bá wọn lójú pópó Vancouver, láti ilé ni ó ti tẹ̀lé wọn wá. Ní ọdún 1909, nínú ilé ìsìn wọn ní Vancouver, ìgbìmọ̀ wọn pinnu pé kí ọmọ ìgbìmọ̀ kankan má ṣe fi àmì ẹ̀yẹ ogun Gẹ̀ẹ́sì sí àyà mọ́. Àmì tí wọ́n ti fi ẹ̀jẹ̀ gbà ni wọ́n bọ́ sílẹ̀.

A gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ilé ìsìn náà, nítorí òun ni ó jọ Ẹgbẹ́ tiwa jù. Gurdwara ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ṣí ti Vancouver ní ọdún 1908, wọ́n sì dá ti Stockton ní California sílẹ̀ ní ọdún 1912. Nínú gurdwara, ẹnikẹ́ni tí ó bá wọlé ni a ń fún ní oúnjẹ, gbogbo ènìyàn a sì jókòó sílẹ̀ pọ̀ láìka ìran tàbí ìsìn sí. Ibẹ̀ ni ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ń sùn. Ibẹ̀ ni a ti ń bá ẹni tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà. Ibẹ̀ ni a ti ń dá owó agbẹjọ́rò. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá ti Stockton sílẹ̀ ni Jwala Singh, àgbẹ̀ kan tí ọ̀dùnkún sọ di olówó. Ní ọdún 1912 yìí kan náà, ó fi owó rẹ̀ ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ kí wọ́n lè ti Íńdíà wá kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Berkeley. A fẹ́ kí ẹ rántí orúkọ Jwala Singh, nítorí a ó tún pàdé rẹ̀.

Ní ọdún 1913, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìlagi ní ìlú Astoria àti agbègbè rẹ̀ ní Oregon pàdé, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kúrò ní Íńdíà. Sohan Singh Bhakna, òṣìṣẹ́ ilé ìlagi, ni wọ́n fi ṣe alága. Har Dayal, ọ̀mọ̀wé kan tí ó jẹ́ ẹlẹ́sìn Híńdù, ni akọ̀wé. Kanshi Ram ni akápò. Àwọn Mùsùlùmí náà wà nínú wọn, bí irú Barkatullah. Òfin wọn ni pé ìsìn olúkúlùkù jẹ́ ti ara rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé e wá sí ìpàdé. Wọ́n gba ilé sí San Francisco, wọ́n ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 1913, ìwé ìròyìn wọn jáde. Ghadar ni wọ́n sọ orúkọ rẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí Ọ̀tẹ̀. Láti orúkọ ìwé yìí ni a ti wá ń pe àwọn ènìyàn náà ní Ẹgbẹ́ Ghadar.

Ní èdè Urdu ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà ní èdè Punjab, nítorí wọ́n fẹ́ kí òṣìṣẹ́ lásán lè kà á tàbí kí a kà á sí i létí. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń to ẹ̀sùn wọn sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́sẹẹsẹ: owó tí wọ́n ń kó jáde ní ilẹ̀ náà, bí owó ogun ti pọ̀ tó tí owó ilé ìwé sì kéré, àwọn tí ìyàn pa. Ọ̀kan nínú àwọn tí ń fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ náà ni Kartar Singh Sarabha, ọmọdékùnrin ọdún 17 tí ó wá kàwé, ṣùgbọ́n tí ó fi ìwé sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ yìí. Wọ́n ń fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ibikíbi tí ọmọ Íńdíà bá wà: Hong Kong, Manila, Malaya, títí dé ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè é ní Íńdíà, ṣùgbọ́n a máa wà nínú àpò ìwé, a máa wà nínú àpótí ẹrù, a sì máa dé bárékè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí ní ọdún 1914, tí ọkọ̀ ojú omi kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Komagata Maru fi gbéra láti Hong Kong. Gurdit Singh, oníṣòwò kan tí ń gbé Singapore, ni ó háyà rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Japan láti fi gbé àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí Kánádà. Ọkọ̀ náà dé èbúté Vancouver ní ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún. Èrò 376 ni ó wà nínú rẹ̀: Sikh 340, Mùsùlùmí 24, Híńdù 12. Ìjọba kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Fún oṣù méjì gbáko ni wọ́n fi wà lójú omi, tí wọ́n ń wo ilé àti igi ìlú náà, tí oúnjẹ àti omi mímu sì ń tán lọ́wọ́ wọn.

Ẹ wo ohun tí àwọn ará wọn tí wọ́n wà ní Vancouver ṣe. Wọ́n pe ìpàdé sí gurdwara, wọ́n dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là láti san èyí tí ó kù nínú owó ọkọ̀, wọ́n sì gba agbẹjọ́rò. Ilé ẹjọ́ dá wọn lẹ́bi. Ní oṣù keje, àwọn ọlọ́pàá fi ọkọ̀ kékeré kan lọ láti fi agbára gba ọkọ̀ náà; àwọn èrò fi èédú àti bíríkì lé wọn padà. Nígbẹ̀yìn ni wọ́n gbé ọkọ̀ ogun wá. Ní ọjọ́ 23 oṣù keje, Komagata Maru yí ẹnu padà. Nínú èrò 376, nǹkan bí ogún péré ni wọ́n gbà láàyè láti wọ ìlú.

Ìyà kò tíì tán. Nígbà tí wọ́n dé Budge Budge lẹ́bàá Calcutta ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án, ìjọba ní kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Punjab lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kọ̀. Ìjà ṣẹlẹ̀, àwọn sójà yìnbọn, nǹkan bí ogún nínú àwọn èrò náà ni ó kú. Àwọn tí Kánádà lé pé wọn kì í ṣe ọmọ ilé, ilẹ̀ baba wọn ni a ti yìnbọn fún wọn.

Nígbà yìí, ogun ńlá ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì. Àwọn Ghadar wí pé àkókò tó. Sójà Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò ní Íńdíà lọ sí ojú ogun, kí gbogbo ọmọ ilẹ̀ máa bọ̀ wá sílé kí a jà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni wọ́n sì fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ta oko, tí wọ́n wọ ọkọ̀. Jwala Singh olówó ọ̀dùnkún wà lára wọn. Sohan Singh Bhakna alága wà lára wọn. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Gulab Kaur ti Manila bá wọn lọ. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ yí ọkàn padà, òun kò yí tirẹ̀ padà.

Ẹ̀yin ará wa, a fẹ́ sọ òtítọ́ fún yín. Ìjà náà kò yọrí. A ó sì sọ ìdí rẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tiwa wà.

Èkíní ni pé wọ́n pariwo jù. Gbogbo èrò wọn ni wọ́n ti kọ sínú ìwé ìròyìn, wọ́n sì ti kéde rẹ̀ ní ìpàdé gbangba. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń dúró dè wọ́n ní èbúté. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1914 ni wọ́n mú Sohan Singh bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní Calcutta, wọ́n mú Jwala Singh náà, wọ́n sì mú ọ̀pọ̀ mìíràn kí wọ́n tó fojú kan abúlé wọn.

Èkejì ni pé wọ́n ti pẹ́ lẹ́yìn odi, wọn kò sì mọ bí ilé ti rí mọ́. Wọ́n rò pé bí wọ́n bá ti dé, gbogbo Punjab yóò dìde. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé kò rí ohun tí wọ́n rí ní Bellingham àti Vancouver. Ilé tí àwọn ń bọ̀ wá gbà sílẹ̀, ọmọ ibẹ̀ wà lójú ogun fún ọba, owó oṣù rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ sì ń jẹ. Àwọn Sikh tí wọ́n jà fún Gẹ̀ẹ́sì nínú ogun náà pọ̀ púpọ̀ ju àwọn tí wọ́n dìtẹ̀ lọ. Àwọn olórí ìsìn tí ìjọba fọwọ́ sí tilẹ̀ kéde pé àwọn aṣọ̀tẹ̀ wọ̀nyí kì í ṣe Sikh tòótọ́. Nígbà tí owó tán, àwọn kan nínú wọn lọ ń fọ́ ilé olówó kí wọ́n lè rí owó ra ohun ìjà, wọ́n sì pa ènìyàn. Àwọn tí wọ́n ti ń fi tọkàntọkàn dá owó ní California wá di ẹni tí ará abúlé ń sá fún ní Punjab. Èyí dùn wá púpọ̀ nígbà tí a gbọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀tá inú ilé. Ní Vancouver, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí ń jẹ́ Hopkinson gbọ́ èdè wọn, ó sì ń sanwó fún àwọn kan láàárín wọn láti máa ṣe amí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1914, ọ̀kan nínú àwọn amí náà yìnbọn nínú gurdwara, ó sì pa ènìyàn méjì. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, Mewa Singh yìnbọn pa Hopkinson ní ilé ẹjọ́, wọ́n sì yẹgi fún òun náà ní oṣù kìíní ọdún 1915. Ní Punjab, wọ́n ti dá ọjọ́ 21 oṣù kejì ọdún 1915 pé kí àwọn sójà dìde ní bárékè. Amí kan tí ń jẹ́ Kirpal Singh tú àṣírí. Wọ́n fa ọjọ́ náà sẹ́yìn sí ọjọ́ 19, ó tún tú ìyẹn náà. Ìjọba gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn sójà tí wọ́n fura sí, ọ̀rọ̀ sì parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Lahore. Ènìyàn 24 ni a kọ́kọ́ dájọ́ ikú fún. A yí ti 17 padà sí ẹ̀wọ̀n gbére, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 1915, a so àwọn méje kọ́. Kartar Singh Sarabha wà nínú wọn. Ọmọ ọdún 19 ni. Sohan Singh àti Jwala Singh lọ sí ẹ̀wọ̀n ní erékùṣù Andaman láàárín òkun, ìjọba sì gba ohun ìní wọn. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ènìyàn wa: oko tí bàbá fi dógò kí ọmọ lè lọ sí òkè òkun, tí ọmọ fi òógùn rẹ̀ gbà padà, ìjọba tún gbà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ǹjẹ́ asán ni gbogbo rẹ̀ já sí? Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ṣe òfin líle kan lẹ́yìn ogun, ní ọdún 1919, tí ó fún wọn láàyè láti ti ènìyàn mọ́lé láìsí ẹjọ́. Òfin yìí ni gbogbo Íńdíà fi bínú. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún náà, ní ìlú Amritsar ní Punjab, sójà yìnbọn sí àwọn tí wọ́n péjọ láìní ohun ìjà lọ́wọ́. Iye tí ìjọba fúnra rẹ̀ gbà pé ó kú ni 379. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará ilé ti wá rí ohun tí àwọn ará ẹ̀yìn odi ti rí tẹ́lẹ̀. Bhagat Singh, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n so kọ́ ní ọdún 1931 nítorí ìjà òmìnira, a máa mú àwòrán Sarabha káàkiri lára. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1947, Íńdíà gba òmìnira, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n la Punjab sí méjì, tí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sì ṣàn. Ọdún 1947 yìí kan náà ni British Columbia dá ẹ̀tọ́ ìdìbò padà fún àwọn ọmọ ilẹ̀ Íńdíà. Sohan Singh tí ó jáde kúrò lẹ́wọ̀n ní ọdún 1930 rí gbogbo rẹ̀, ó sì pa ojú dé ní ọdún 1968, ẹni ọdún 98. Ní ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún ọdún 2016, olórí ìjọba Kánádà dìde ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó sì tọrọ àforíjì nítorí ọkọ̀ Komagata Maru. Ọdún 102 ni ó gbà.

Kì í ṣe pé a ń yin ìpànìyàn. Ohun tí a ń sọ ni ìbéèrè tí ọmọ wa bi wá lọ́dún tí ó kọjá. Ìdáhùn wa nìyí: rárá, kì í ṣe owó nìkan. Àwọn Sikh lẹ́yìn odi fi owó ránṣẹ́ fún ọdún púpọ̀, ilé wọn kò sì yí padà. Ohun tí ó ṣeyebíye jù tí wọ́n ní ni ohun tí ojú wọn ti rí. Ibi tí wọ́n sì ti kùnà jù ni pé ohun tí ojú wọn rí kò dé etí àwọn ará ilé kí wọ́n tó pè wọ́n sí ìjà. Wọ́n gbé ìdáhùn wá sílé láìtíì jọ béèrè ìbéèrè náà pẹ̀lú ilé.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Yorùbá ṣe é ní ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1925, ní London, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí WASU. Ojú wọn ti rí màbo nípa ilé tí a kò fẹ́ fi háyà fún aláwọ̀ dúdú. Ṣùgbọ́n Ṣólàńkẹ́ kò jókòó sí London kí ó máa fi ìwé pàṣẹ fún ilé. Láti ọdún 1929 títí dé 1932 ni ó fi ń rin ìlú dé ìlú ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí ó ń bá ọba àti mẹ̀kúnnù sọ̀rọ̀, tí ó ń ṣàlàyé, tí ó sì ń gbọ́. Àwọn ará ilé ni wọ́n dá owó fún un, ní ọdún 1933 sì ni wọ́n ṣí ilé kan ní London tí ọmọ Áfíríkà lè fi orí lé. Ẹ kíyè sí i pé lọ́tẹ̀ yìí, ilé ni ó fi owó ránṣẹ́ sí ẹ̀yìn odi.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju mẹ́ta lọ. Ẹ̀yin ọmọ wa lẹ́yìn odi, nígbà tí ẹ bá ń fi owó ránṣẹ́, ẹ máa fi lẹ́tà pọ̀ mọ́ ọn, lẹ́tà tí yóò sọ ohun tí ẹ rí, bí wọ́n ti ń ṣe ìlú níbẹ̀, àti ìyà tí ń jẹ yín, kí a lè kà á ní ìpàdé. Bí ẹ bá sì dé, ẹ má ṣe ká wa mọ́ ilé pẹ̀lú ètò tí ẹ ti parí. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ tiwa kí ẹ tó sọ tiyín. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má ṣe máa wo ọwọ́ ọmọ tí ó ti àjò dé kí ẹ tó wo ojú rẹ̀. Ẹ béèrè pé kí ni ó rí. Bí ó bá sì wà nínú ìṣòro níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí àpò Ẹgbẹ́ yìí ṣí sí i gẹ́gẹ́ bí tirẹ̀ ti ń ṣí sí wa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọwọ́ kan kò sì lè máa nawọ́ kí èkejì máa gbà títí ayé.

Oko ọ̀dùnkún Jwala Singh wà ní California, kò sí ẹni tí ó fi ipá mú un kúrò nínú rẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ nítorí ó mọ̀ pé ọrọ̀ ẹni tí kò ní ilé, ìta ni ó wà. Kí Ọlọ́run má ṣe fi irú ìdánwò rẹ̀ dán wa wò. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ kí a mọ ilé wa ní ilé, bí a wà nínú rẹ̀, bí a sì jìnnà sí i.

 Kí ìlú wa máa tẹ̀ síwájú. Àṣẹ.